Wáyà Keje Lórí Pápá Koehn

Ohùn ni Verla Schrag ń lé láti ọdún mẹ́ta, kì í ṣe gíga. Àwọn tó kù tí wọ́n ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeré lórí pápá Koehn, gíga ni tiwọn. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti balẹ̀, wọn á sáré wo ẹ̀rọ kékeré inú ikùn rẹ̀ láti mọ ibi tó gòkè dé, wọn á sì máa fọ́nnu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Verla kì í bá wọn dá sí i. Lójú tirẹ̀, ẹ́ńjìnì ńlá kan ṣoṣo dà bí ọkùnrin tó ń pariwo lójú títì: ó pariwo, ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì méje bá gbaná lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan, á dà bí ìgbà tí ìjọ wọn bá dìde láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n gbé orin láìsí dùùrù, ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, tí gíláàsì ojú fèrèsé á máa gbọ̀n. Inú irú orin bẹ́ẹ̀ nìkan ni Verla ti máa ń la ẹnu dáadáa, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè yọ ohùn tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Òun ló ń tún bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ṣe nílùú wọn, ní ìwọ̀-oòrùn Kansas, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ débi pé òjò tó máa rọ̀ lọ́la, èèyàn á ti máa wò ó lónìí. Ó lè bá ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti pé mẹ́ta níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i ni ti èṣí. Ẹ́ńjìnì mẹ́ta péré ló wà lábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kàn nígbà náà. Méjì gbaná, ìkẹta kọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbéra bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ́ lápá, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi orí sọlẹ̀ sáàárín pòròpórò àlìkámà tó ti gbẹ kangun. Kí wọ́n tó gbé omi débẹ̀, iná ti jẹ éékà mẹ́sàn-án, ó sì ti jẹ òpó ọgbà tó lé lógójì mọ́ ọn. Harlan Koehn tó ni ilẹ̀, arúgbó ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló gun katakata fúnra rẹ̀, tó túlẹ̀ yí iná náà ká kó tó dé ìdí koríko tó kó jọ fún màlúù. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, èéfín ti pa ojú rẹ̀ dà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí wọ́n gbọ́ o: ẹlẹ́ńjìnì kan lè máa fò lórí ilẹ̀ òun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń di ẹ́ńjìnì pọ̀ bí ẹni di igi, ó tán. Kò sì sí pápá mìíràn tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún máìlì síbẹ̀.

Verla kò rojọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ rì òpó ọgbà. Gbogbo ìgbà ìkórè ló fi ń lọ, Koehn ń fa wáyà, òun ń gbẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ lóòjọ́. Nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ ní oṣù kejì, arúgbó náà ya abà Verla láìròtẹ́lẹ̀, ó sì bá páálí roboto kan lórí tábìlì, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń da kọnkéré òpó, tó gùn ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ihò méje tó wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan láàárín, mẹ́fà yí i ká.

“Ẹ̀ẹ̀kan,” ló wí. “Bí méjèèje bá gbaná, wàá máa wá. Bí ọ̀kan péré bá kọ̀, bí koríko kan ò tilẹ̀ jó, má tún béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Verla ń gbé sùn, òun ló ń gbé jí. Ó fi aṣọ onígíláàsì àti gúlúù wé páálí náà ní ìpele mẹ́ta. Ó fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́ gé ìyẹ́ mẹ́rin, ó sì fi bébà oníyanrìn ha wọ́n títí ẹ̀gbẹ́ wọn fi mú bí abẹ. Ọ̀dà bọ́ọ̀sì iléèwé tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ló fi kùn ún, ló bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí pupa inú ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Galen, àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ wàrà, ní ìjókòó ló kù kó tò sí i, kí àwọn ọmọ máa wọlé. Ní ti ìṣáná, ìyẹn wáyà tín-ín-rín ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ní oògùn iná lórí, tí wọ́n ń tì bọ inú ẹ́ńjìnì láti tan án, Verla kò fi ìyẹn ṣeré rárá. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló to méje-méje sórí yìnyín lẹ́yìn abà, tó tan wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, tí Galen dúró ti aago. Níkẹyìn, bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ló rà, nítorí pé ti mọ́tò kékeré kì í lè bọ́ ẹnu méje yó.

Báyìí ni ọjọ́ pé, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ti kórè àlìkámà, ilẹ̀ pọ́n bí awọ kìnnìún títí dé ibi tí ọkà bàbà Koehn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pupa lápá àríwá. Ọkọ̀ bí ogójì ló to ara wọn lẹ́yìn okùn tó ní àsíá. Rosalie Tibbets, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí pápá, gbohùngbohùn lọ́wọ́, fìlà koríko lórí. Ó yẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì Verla wò bí ìgbà tó ń yẹ aláìsàn wò, ó fa ìyẹ́, ó mi orí rẹ̀ wò, ó bẹ páráṣúùtì wò, ó sì buwọ́ lu ìwé. Ó ní ara ọmọ yá, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé aago méjì géérégé ni àṣẹ tí àwọn aláṣẹ òfuurufú fún wọn máa tán.

Ènìyàn mẹ́fà ló gbé e lọ síbi òpó irin tó máa gùn lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn padà, ó ku Verla nìkan. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ní àṣà kan: ẹni tó bá ń so wáyà ẹ́ńjìnì púpọ̀, á de ṣáàlì pupa mọ́rùn, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ìyá tó bí i. Verla de tirẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí pòròpórò, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣáná kan, á tì í títí orí rẹ̀ á fi kan òkè nínú ẹ́ńjìnì. Á fi ọ̀bẹ bó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á ju èépá rọ́bà méjèèjì sápò àyà kó má bàa fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lóko olóko. Ẹsẹ̀ kan á lọ sára okùn wáyà pupa, ìkejì á lọ sára dúdú. Okùn méjèèjì ló lọ bá bátìrì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé wọ́n ń rọ oyin sí i.

Ó ti so ìkẹfà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìkeje bọ inú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni, nígbà tí ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan gba àárín pápá bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Harlan Koehn ni. Kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́, kò mọ ìtumọ̀ ṣáàlì. Ó tiẹ̀ rò pé ọ̀nà ọ̀fun ló ń dun Verla, ó sì bá a kẹ́dùn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbára lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ọjọ́, ó bọ́ sórí ẹ̀rọ ìkórè tí bàbá Verla rà lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó bọ́ sórí ìyá rẹ̀, bóyá ọwọ́ ṣì ń dùn ún. Ní àgbègbè yẹn, bí àgbàlagbà bá gbára lé ọkọ̀ rẹ̀ tó sì kí ọ, o ò lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ dá a lóhùn láti abẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àti pé ta ló máa sọ fún onílẹ̀ pé kó dákẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀? Verla yọ ara jáde, ó gbọn èérún pòròpórò kúrò lára, ó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ń mú. Ó rí i pé arúgbó náà ń nu iwájú orí, ló bá sáré lọ síbi àpótí yìnyín rẹ̀, bí ogún ìṣísẹ̀, ó bu omi, ó sì mú búrẹ́dì kan tí ìyá rẹ̀ kó ẹran àti kábéèjì sí nínú.

Nígbà tó dé, Koehn ti kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró bí ọmọ iléèwé tó gbọ́n. Ó jẹ búrẹ́dì náà, ó dúpẹ́, ó wakọ̀ lọ. Verla tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì: gbogbo wáyà ló wà níbi tó yẹ, kò sí èyí tó ń fì. Ó rò ó pé òun á ti so èyí tó kẹ́yìn kí bàbá tó dé. Ó fi páálí dáàbò bo wáyà kí atẹ́gùn má bàa tú u, ó sì padà sẹ́yìn okùn.

Lórí tábìlì Rosalie ni àpótí ìtanná wà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti bọ́tìnnì pupa. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, àpótí dún pííí, tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà iná ṣí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Galen gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léjìká, ó ní kó jọ̀ọ́ kó máa mí. Koehn ti gúnlẹ̀ sítòsí, ó jókòó sórí ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ó fa fìlà síwájú. Rosalie gbé gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo ènìyàn dìde dúró, kí wọ́n gbójú sókè, nítorí rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ńjìnì méje nìyí, ti Verla Schrag.

Nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ojú tì í. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà kó lè rí ibi fi ọwọ́ sí. Àwọn èépá rọ́bà ló bá níbẹ̀. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Méjìlá. Ó tún un kà. Méjìlá.

Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá ni.

Bóyá méjì já bọ́ nígbà tó dìde. Bóyá atẹ́gùn ni. Àpótí sáà ti dún. Ṣùgbọ́n Verla mọ àpótí yẹn: bí ìṣáná kan ṣoṣo bá wà lójú ọ̀nà iná, á dún, bí méje bá wà, bákan náà ló máa dún. Kò mọ̀ ọ́n kà. Bó bá jẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tí èyí tó kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti èṣí náà ló tún ń bọ̀ yìí, ó sì tún máa ju ti èṣí lọ. Síbẹ̀, bó bá dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Kí ló fẹ́ wí? Pé onílẹ̀ ló bá òun sọ̀rọ̀ tí iye fi dàrú mọ́ òun lójú?

“Márùn-ún,” ni Rosalie wí, ogójì ọkọ̀ sì bá a wí i. “Mẹ́rin.”

Verla ní, “Ẹ dúró.” Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, àní Galen pàápàá.

“Mẹ́ta.”

Ló bá na ọwọ́ kọjá níwájú Rosalie, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

Galen bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣebí àpótí ti dún.

“Méjìlá ni,” ni Verla wí.

“Méjìlá kí ni?”

“Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́rìnlá.”

Galen wò ó bí ẹni tí oòrùn ti pa. Ṣùgbọ́n Rosalie, ẹni tó ti fi ogójì ọdún gbọ́ tẹnu aláìsàn, kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó pa gbohùngbohùn, ó wo aago, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló kù, kó lọ wò ó, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Verla kò rìn, ó sáré. Ó já bátìrì, ó ṣí páálí, ó dùbúlẹ̀. Ìkíní sí ìkẹfà, ìdì tirẹ̀ ni, kúkúrú, tó yí sápá ọ̀tún. Ìkeje nìyí: wọ́n yí i gígùn, wọ́n pa á pọ̀ dáadáa, wọ́n sì tẹ orí rẹ̀ padà wọnú kó má bàa gún ènìyàn. Gbogbo ìgbà ìkórè tó kọjá ló fi rí irú ìdì bẹ́ẹ̀ lára ọgbà. Ọwọ́ Harlan Koehn ni. Bàbá ti bó o, ó ti dì í, kò sì sí àléébù kankan lára iṣẹ́ náà àfi ẹyọ kan: ẹsẹ̀ méjèèjì ló so mọ́ okùn pupa.

Ó ń gbọ́ ìró pikọ́ọ̀pù lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, bàtà méjì dé, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.

“Èmi ni?” ni Koehn bi í.

Ó rọrùn láti sọ pé rárá. Ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi tọ́ ọ, rárá ló ní kó wí, kó ní bóyá atẹ́gùn ni, kó tún un so, kí gbogbo wọn máa lọ.

“Ẹ̀yin ni, Ọ̀gbẹ́ni Koehn. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ so mọ́ pupa. Kì bá tí gbaná láé.”

Orúnkún arúgbó náà ro kẹ́kẹ́, ó kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì.

“Ó ń fì ni. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mi ò tíì rí wáyà tó ń fì kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò lé mi?”

“Pápá yín ni.”

“Rọ́kẹ́ẹ̀tì ta ni?”

Koehn bọ́ fìlà, ó fi ṣe ààbò kí atẹ́gùn má fẹ́ sí Verla lójú, ó sì fi ọwọ́ kejì bo ẹnu ara rẹ̀ pátápátá. Verla tú ìdì náà, ó sì wúni lórí bó ṣe le tó láti tú. Ó so ẹsẹ̀ kan mọ́ pupa, ẹsẹ̀ kan mọ́ dúdú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń fi ìka kan wọ́n, ó ń kà wọ́n sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Bó ṣe ń lọ ni ohùn rẹ̀ ń ròkè. Nígbà tó dé èje, ó yí ojú padà, arúgbó náà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ ṣì wà lẹ́nu. Verla fi páálí bo wáyà padà, ó so bátìrì.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn okùn, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹnì kan láàárín èrò bèèrè pé kí ló dá wọn dúró. Verla ní wáyà kan ni. Koehn na ọwọ́ sí Rosalie, ó gba gbohùngbohùn, ó dì í mú bí ẹni tó di ejò mú lọ́rùn.

“Èmi ni mo so wáyà tí kò kàn mí,” ló wí. “Ká ní ọmọ yìí dákẹ́ ni, èmi ni ǹ bá fọwọ́ ara mi sun oko mi. Ẹ kà á, ẹ jàre.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kà á. Márùn-ún. Mẹ́rin. Mẹ́ta. Verla ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Méjì. Ọ̀kan.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kò sí nǹkankan. Lẹ́yìn náà ni iná funfun bú yọ lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì, ìdì iná kan tó tàn yòò débi pé òjìji gbogbo ọkọ̀ nà sẹ́yìn lọ́sàn-án gangan. Ohùn rẹ̀ wá dé. Ohùn náà kò wọlé gba etí. Ilẹ̀ ló gbà, ó gba àtẹ́lẹsẹ̀, ó gun egungun ẹsẹ̀, ó dé àyà, ó sì dúró síbẹ̀. Ó hó, ó ya, ó ń kùn lábẹ́, ó ń ké lókè, méjèèje ń wọnú ara wọn, wọ́n ń jáde. Omi inú ife orí tábìlì ń jó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ bọ́ọ̀sì náà gbéra láìkánjú bí ọba tó ń dìde lórí ìtẹ́, gbogbo ènìyàn sì rí i bó ṣe tọ́ ṣánṣán. Nígbà tó kúrò lórí òpó irin, ó rántí pé òun lẹ́sẹ̀. Ó fò. Èéfín funfun dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí òwú tí wọ́n nà láti ilẹ̀ dé ọ̀run, kò wọ́ sápá òsì, kò wọ́ sápá ọ̀tún.

Nígbà tí iná kú, ó ṣì ń lọ. Ó di abẹ́rẹ́, ó di èérún. Ọrùn ń dun oníkálukú. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ pó lókè réré, nǹkan aláwọ̀ ọsàn kan sì tanná bí òdòdó: páráṣúùtì ti ṣí. Galen ló kọ́kọ́ hó, ó sì gbé fìlà Rosalie jù sókè. Verla kò hó. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀.

Koehn ló fi pikọ́ọ̀pù gbé e lọ síbi tó balẹ̀ sí, ní etí oko ọkà bàbà, kò tẹ̀ ju ewéko mẹ́rin lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ kan sán díẹ̀. Verla kúnlẹ̀ sídìí rẹ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ fa àwọn ẹ́ńjìnì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń to wọ́n sórí ẹ̀yìn ọkọ̀. Arúgbó náà ń gbé èyí tó bá tò, á yẹ inú rẹ̀ wò bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ eyín ẹṣin wò, á sọ ọ́ kalẹ̀, á gbé òmíràn. Méjèèje ló gbóná, méjèèje ló jó tán, inú wọn dúdú kíríkírí.

Arúgbó náà sún èyí tó kẹ́yìn sára àwọn tó kù. Ó ní òun ti fẹ́ gbin àlìkámà sórí pápá yìí ní ogúnjọ́ oṣù, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ lọ gbin apá gúúsù, èyí lè dúró títí wọ́n á fi pàdé lóṣù tó ń bọ̀.

“Mélòó lo wá ń rò báyìí?” ló bèèrè.

Ohùn ẹ́ńjìnì ṣì ń hó nínú etí Verla, tó jẹ́ pé igbe ló ń ké láìmọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn okùn gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì yíjú síra wọn, nítorí wọn ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Mẹ́sàn-án, Ọ̀gbẹ́ni Koehn! Bí mo bá sì ń so ó, kí ẹ jọ̀wọ́ dúró sílé!”